Ìwọ̀fà Orí Alùpùpù

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí ni ìwé kan ti ń káàkiri láàárín àwa ọmọbìnrin. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń há sí abíyá. Inú fóònù ló ń gbé. Láti orí fóònù ẹnì kan ló ti ń fò sórí ti ẹlòmíràn. Reaper's Property ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Joanna Wylde ló kọ ọ́, ọdún 2013 ló sì jáde ní Amẹ́ríkà. Bí a bá fẹ́ pe orúkọ ìwé náà lédè wa, a ó pè é ní "Ohun Ìní Olùkórè". Reapers, àwọn Olùkórè, ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù nínú ìwé náà. Ohun ìní tí à ń wí kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀. Ènìyàn ni. Obìnrin ni.

Mo ti kà á tán. Oru méjì ni mo fi kà á, mo sì sùn ní kíláàsì lọ́jọ́ kẹta. Ewì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi fèsì, torí ewì lẹ mọ̀ mí mọ́ nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gba ewì. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Irú ìtàn báyìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní dark romance, ìfẹ́ òkùnkùn. Bóyá ó dùn létí ní ìlú tiwọn. Níbi tiwa, tí èèyàn bá ti gbọ́ òkùnkùn lẹ́yìn ẹgbẹ́, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ wò. Èmi náà wo ẹ̀yìn kí n tó ṣí ojú ewé kìíní.

Ìtàn náà kò ṣòro. Marie ni orúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nílé ọkọ tó ń lù ú ni, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ arákùnrin rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ọkùnrin gìrìwò kan gbé alùpùpù dé, tí ara rẹ̀ kún fún fínfín. Horse ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ Reapers ni. Òun àti arákùnrin Marie jọ ní òwò kan tí Marie ò lóye. Bó ṣe rí Marie báyìí, ó ní òun fẹ́ ẹ. Marie ní òun ò tíì gbádùn ara òun tán, pé òun ò sì fẹ́ di ohun tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì awọ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà: ohun ìní lágbájá. Kò pẹ́ ni arákùnrin yìí jí owó ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ò kí ń fi irú ẹ̀ jinni. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló wà: kí Marie fi ara rẹ̀ fún Horse, kí ó máa bá a lọ, bóyá arákùnrin rẹ̀ á rí ayé gbé. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń di ìfẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìwé fi parí.

Kí n tó sọ ohun tó dùn mí nínú ìwé yìí, ó yẹ kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi, kí ẹ má baà ní mo wá ṣe wòlíì lé yín lórí. Ìwé náà ń fa èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín, àyà mi já, mo tún ojú ewé kan kà lẹ́ẹ̀mẹta (mi ò ní sọ èwo). Mo sì mọ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ti rìn bọ̀ láti ibi ìkàwé lóru, tí NEPA ti mú iná lọ, tí tọ́ọ̀ṣì fóònù ń ṣẹ́jú pé bátìrì fẹ́ kú, tí àwọn géńdé kan jókòó sórí gọ́tà tí wọ́n ń pe, "Arẹwà, ṣé o ò gbọ́ wa ni?", irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ìdí tí ọmọbìnrin fi lè fẹ́ràn Horse. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, tí kò sì ní jẹ́ kí ìwọ bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́! Kò sí irọ́ nínú ohun tí ọkàn ń fẹ́ yẹn. Àìnífọ̀kànbalẹ̀ ló bí i.

Ọ̀rẹ́ mi tí à ń gbé yàrá kan náà tilẹ̀ bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ìwé ni mò ń kà, mi ò sọ pé mò ń lọ sílé ọkọ. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ìdí tí mo fi ń kà á nìyẹn. Àbí Ó Le Kú ni ká máa kà títí ayé?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ Ó Le Kú jáde, ó sì rí bí ó ṣe wí, pé àwa ọmọ Yorùbá la ṣì ń gbé e kiri bí ẹni pé kò sí ìtàn ìfẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láyé. Ẹni tó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá kì í torí ẹ̀ jalè. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ àlọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé ta ni wọ́n jà lólè.

Ohun tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni alùpùpù fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1903 ni ilé-iṣẹ́ Harley-Davidson ti ń ṣe alùpùpù, ẹ̀rọ ńlá tó ń dún bí ààrá, tí àwọn kan ń gùn fún fàájì, tí àwọn kan ń fi yangàn. Tiwa, ọ̀kadà ni. Okada Air, ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion, ni àwọn aláwàdà fi sọ alùpùpù akérò lórúkọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Ọlọ́kadà wa kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ. Bajaj ló ń gùn, súwẹ́tà ló ń wọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ló sì ń já kí ó tó rí èrò gbé. Ó lè gbé ìyá kan, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àpò gàrí lẹ́ẹ̀kan náà láti Àgọ́-Ìwòyè dé Òrù, láti Òrù dé Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tún máa bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé lójú ọ̀nà. Ní Ògùn Waterside tí bàbá mi ti wá, ọ̀rọ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá kúrò ní Abígí tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, tó ń lọ sí àwọn abúlé etí omi, ọ̀kadà ni títí ilẹ̀ fi máa tán. Ibi tí ilẹ̀ bá tán sí, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ti ń gbé aboyún lọ bímọ, orí ọ̀kadà náà ni wọ́n ti ń gbé òun àti ọmọ padà. Nítorí náà, nígbà tí ìwé sọ pé ọkùnrin alùpùpù kan wọlé, ẹni tí mo kọ́kọ́ rí lójú inú ni bàbá kan tó ń wá ṣéńjì.

Ẹ̀rín tán nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú ẹgbẹ́ alùpùpù bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje ọdún 1947, rúkèrúdò ṣẹlẹ̀ níbi àpéjọ àwọn tó ń gun alùpùpù ní ìlú Hollister ní California, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní 1948 ni wọ́n dá Hells Angels sílẹ̀ ní California kan náà. Àwọn sójà tó ti ogun dé wà lára àwọn tó ń wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé ilé, ara wọn ò gba ilé mọ́.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn. Kì í ṣe ìpànìyàn ni wọ́n torí ẹ̀ dá a. Ìgbéraga àwọn ọmọ olówó, ẹ̀tanú ẹ̀yà àti ẹ̀mí ẹrú sí Òyìnbó ni wọ́n ní àwọn ń bá jà, ẹgbẹ́ náà sì kúrò ní àwọn ọgbà ilé-ìwé ní 1984. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Láti 1972 tí Buccaneers ti yapa ni ẹgbẹ́ ti ń bí ẹgbẹ́. Nígbà tí a fi máa dé àárín ọdún 1990 sókè, ìbọn àti àáké ti rọ́pò àríyànjiyàn. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, wọ́n pa márùn-ún. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Áfíríkà, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wà lára àwọn tó kú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì dáyé nígbà náà. Àwọn òbí wa ni wọ́n gbọ́ ọ nínú rédíò, àwọn náà ló sì sọ fún wa lọ́jọ́ tí a ń di ẹrù bọ̀ nílé-ìwé.

Aṣọ tó ní àmì, orúkọ ìnagijẹ, ìbúra, ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lẹ́nu, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀: gbogbo ohun tó wà nínú ìwé Wylde ló wà lọ́dọ̀ wa, àfi alùpùpù. Ohun tí ìwé ń tà fún ẹni tó wà lókèèrè bí àlá ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe àdúrà òwúrọ̀: Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ mi bá wọn pàdé.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kọ́ ló mú mi lọ́rùn nínú ìwé náà. Gbèsè ni.

Ẹ rántí pé Yorùbá ni mò ń kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi pé arákùnrin jẹ gbèsè, wọ́n wá mú arábìnrin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olówó pé kó lọ máa gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lẹ́nu: ìwọ̀fà. Mo ń ka ìwé náà lọ, mo ń sọ fún ara mi pé, háà, Marie, ìwọ̀fà ni ẹ́, wọn ò kàn sọ fún ẹ ni.

Fún àwọn tí kì í ṣe ẹ̀ka wa: ẹni tó bá fẹ́ yá owó láyé àtijọ́ lè fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, dúró lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà. Ojú owó kì í dín. Bó ṣiṣẹ́ ọdún kan, bó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá náà ni wọ́n máa san. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Samuel Johnson, pásítọ̀ tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, tó parí ìwé rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ bíbí ìlú ni ìwọ̀fà. Ipò rẹ̀ láwùjọ kò yẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sọnù. Ó tún kọ nípa ọmọbìnrin tó bá jẹ́ ìwọ̀fà. Bí olówó bá fipá bá a lò pọ̀, gbèsè pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀, olówó á sì tún san owó ìtanràn. Bí ọmọbìnrin náà bá ní àfẹ́sọ́nà, tí àfẹ́sọ́nà fẹ́ gbé e níyàwó, kí ó san owó náà, kí ó mú aya rẹ̀ lọ, olówó ò lè ní rárá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ìwọ̀fà dára. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa owó ni wọ́n sábà máa ń fi dúró, ẹnikẹ́ni kì í bi í. Òfin tó wà lẹ́nu àgbà sì lè má dé inú yàrá olówó lóru. Ó dáa bó ṣe kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn baba wa, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe wọn, mọ̀ pé ewu wà nínú kí obìnrin máa gbé abẹ́ ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ lówó. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi tí wọ́n fi ṣòfin sí i. Òfin náà kì í ṣe fún ọmọbìnrin náà. Olówó ni wọ́n ṣe é fún.

Ìdílé tiwa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló sọ fún mi nípa ìyá tó bí i. Bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ sin òkú náà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sìnkú, owó ò tó, ló bá lọ yá owó lọ́wọ́ oníṣòwò obì kan. Àbúrò rẹ̀ yìí ló fi dúró, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá. Ó ń bó obì gbànja, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń ṣà á, ó ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀, fún ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Ọmọ olówó rí i, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá àgbà ní ọmọ dáadáa ni, pé kò pariwo mọ́ ọn rí. Ó ní kí bàbá òun fagi lé gbèsè, kí owó náà di owó orí ìyàwó. Tọ̀tún-tòsì dunnú. Ẹ̀gbọ́n bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, olówó rí ìyàwó fún ọmọ, kí ló tún kù?

Ọmọbìnrin náà ló kù. Kò ní òun ò fẹ́ ọkùnrin náà. Ó ní òun fẹ́ lọ sílé ná. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun wá san owó wọn, kí òun padà sí ilé bàbá òun, kí òun sùn níbẹ̀. Bí ọmọ wọn bá wá fẹ́ òun, ó mọ ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bínú, ìyá sunkún, kò yí ohùn padà. Ó tó ọdún kan sí i kí owó náà tó pé. Wọ́n san án, ó káṣọ rẹ̀, ó lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni àwọn ará ilé olówó gbé obì àti ẹmu wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó jẹ wọ́n lówó lánàá, wọ́n ní òdòdó kan làwọn rí lágbàlá rẹ̀. Ó gbà, ó sì fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà mi ti jáde.

Mo bi ìyá àgbà pé kí ló dé tí ìyá rẹ̀ fi fa ọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin kan náà ló padà fẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí ilé-ìwé ò tíì ṣe lóore kankan. Ó ní, "Ẹni tí kò lè lọ, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó dúró?"

Mi ò rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣàlàyé ìwé Joanna Wylde fún mi tó bẹ́ẹ̀. Mo padà sínú fóònù, mo tún àwọn ibi tí Marie ti ń sọ pé òun fẹ́ràn Horse kà. Bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Bóyá Horse náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí arákùnrin rẹ̀ wà nínú àpò ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni tó bá sọ, wọ́n ti san owó rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà ń fẹ́ kí a gbàgbé ìyẹn nítorí pé Horse lẹ́wà, pé apá rẹ̀ nípọn, pé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan Marie.

Ẹnì kan lè ní àwa náà ní irú ìtàn yìí, òótọ́ sì ni. Àlọ́ ọmọbìnrin arẹwà tó kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, tó wá rí ọkùnrin rèǹtè-rente kan lọ́jà, tó tẹ̀ lé e wọgbó. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ọkùnrin yìí ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹlẹ́sẹ̀, ó ń dá apá padà fún alápá, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola mú àlọ́ yìí wọ inú The Palm-Wine Drinkard ní 1952, gbogbo ayé sì ti gbọ́ ọ báyìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fà yọ níbẹ̀ fún wa ni pé kí ọmọbìnrin má ṣe orí kunkun, kí ó fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ fún un. Mi ò gba tàlọ́ náà gbọ́ tán mọ́. Ìwé Wylde ń fún ọmọbìnrin ní ẹ̀bùn nítorí pé ó fara da ẹ̀rù; àlọ́ wa ń nà án lẹ́gba nítorí pé ojú rẹ̀ rí ẹwà. Nínú méjèèjì, ọmọbìnrin ni wọ́n ń wò lójú. Kò sẹ́ni tó pe agbárí jókòó kó wá rojọ́. Òfin ìwọ̀fà nìkan ló kọjú sí olówó tó bi í pé: ìwọ ńkọ́?

Mo ní ìdí tí mi ò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan (òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ) wà nínú ìṣòro. Bàbá rẹ̀ ṣàìsàn, owó ilé-ìwé ò pé. Ọmọkùnrin kan ní ìgboro, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ló bá a san èyí tó kù. Kò gun alùpùpù. Mọ́tò ni tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń jókòó sórí gọ́tà kì í pe ọ̀rẹ́ wa mọ́. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n á ní kó bọ́ síwájú. Kò purọ́ fún wa. Ó ní ó kọ́kọ́ dùn mọ́ òun. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Nígbà tó sọ fún ọmọkùnrin náà pé òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn òun ò sí níbẹ̀, ó mú ìwé ẹ́síńsáìsì kan jáde. Gbogbo ohun tó ti ná ló kọ síbẹ̀: owó ilé-ìwé, owó hándáàtì, ṣáwámà, káàdì fóònù, títí kan omi inú ọ̀rá. A jókòó, a ṣírò rẹ̀. A dá owó jọ láàárín ara wa, ẹnì kan kó èsúsú rẹ̀ ṣáájú àkókò, ọ̀rẹ́ wa ta fóònù rẹ̀. A kó owó náà lọ bá a. Ó wo owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé owó ni mo bi ẹ́?"

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa. Ó kọ gbèsè sílẹ̀ títí dórí omi ọ̀rá, ó wá kọ̀ láti gbà á. Olówó tí kò fẹ́ gba owó rẹ̀, kì í ṣe owó ló yá èèyàn. Ibẹ̀ ni ìwọ̀fà ti ń di ẹrú. Láti ọjọ́ náà ló ti wá dógò tì wá; nírọ̀lẹ́, inú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé wa ló ń jókòó sí, kì í sọ̀rọ̀, kì í lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Fún odindi sáà kan, ibẹ̀ ló ti ń wá kàwé lójoojúmọ́. Bàbá ọlọ́kadà kan tí àǹtí rẹ̀ mọ̀ ló ń gbé e. Bí kíláàsì bá pẹ́, bàbá náà á dúró sí ibi tí iná wà, á máa gbọ́ rédíò. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá délé, ó fún un lówó, ó fún un ní ṣéńjì, ó di ọ̀la. Ọ̀rẹ́ wa ní ṣéńjì yẹn máa ń fún òun láyọ̀ tí òun ò lè ṣàlàyé.

Ọkọ àǹtí rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wádìí ìdílé ọmọkùnrin náà, ó kó owó wa dání, ó mú àgbà méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ka owó náà níṣojú gbogbo wọn, ó gbà á, ó ní gbèsè tán. Ọmọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì wà ní ìgboro. A máa ń rí i. Ọ̀rẹ́ wa kì í sì í gba ojú ọ̀nà kan báyìí tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Òun náà ti ka Reaper's Property o! Kódà, òun ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo bi í pé ṣé kò bà á lẹ́rù. Ó ní rárá, pé nínú ìwé, òun mọ̀ pé wọn ò ní pa Marie, torí ojú ewé ṣì pọ̀ níwájú. Nígbà tí mọ́tò wà níwájú ilé, òun ò mọ iye ojú ewé tó kù. Mo ti ń kọ́ lítíréṣọ̀ láti ọdún bíi mẹ́ta, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ ohun tí ìwé ìtàn ń ṣe fún èèyàn kedere bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa ìwé rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ẹ máa kà á, ẹ máa fi ránṣẹ́ síra yín, ẹ máa pariwo lóru bí ẹ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń mú obìnrin gun ẹ̀yìn alùpùpù nítorí ohun tí ẹlòmíràn jẹ, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ bi olówó ní ìbéèrè mẹ́ta: Eélòó ni? Ọjọ́ wo la lè san án? Ṣé o máa gbà á? Bí kò bá lè dáhùn ẹ̀kẹta, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ẹ lè pe ìtàn náà, ẹ̀wà ojú rẹ̀ ìbáà ṣe bó ṣe fẹ́.